Kọngílá Gbé Ẹrù Dé, Ṣé Kò Gbé Kòkòrò Dé?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, alágbàdo àti elélùbọ́, bá wa sọ níbi ìpàdé gbogboogbò. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá. Ẹni tó bá lè kàwé, kó jọ̀wọ́ kà á fún ẹni tí kò lè kà á.)

   

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ má bínú pé òwe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí, kì í ṣe òwe lásán. Kòkòrò gidi ni mo fẹ́ sọ. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí gan-an sì ni ará ilé tó jẹ kòkòrò náà.

Ọ̀pọ̀ yín lẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ogójì àpò àgbàdo ní Òkè-Ògùn. Mo gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún kọngílá kan. Òun ni yóò wá mọ́tò, òun ni yóò wá alábàárù, òun náà ni yóò wá ẹni tí yóò fín oògùn sí sítọ́ọ̀ kí ẹrù tó wọlé. Owó kan ṣoṣo ni mo san fún gbogbo rẹ̀, mo sì san án tán kí mọ́tò tó gbéra. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Ara mi á rọ̀, n ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹrù á bá mi níbẹ̀.

Ẹrù dé lóòótọ́. Ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n já a, wọ́n kó o wọlé, wọ́n lọ. Ohun tí mi ò rí ni pé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni mọ́tò yẹn kó kí ó tó wá kó àgbàdo mi. Lẹ́búlẹ́bú ẹ̀gẹ́ náà ṣì wà láàárín pákó ìsàlẹ̀ mọ́tò. Ẹnikẹ́ni ò gbá a. Ẹnikẹ́ni ò sì fín oògùn kankan sí sítọ́ọ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo lọ fa àpò kan yọ láti tà. Bí mo ṣe fà á, ó fúyẹ́ bí àpò òwú. Mo tú u wò. Kí ni mo rí? Ìyẹ̀fun ni. Àgbàdo tí ẹnikẹ́ni ò lọ̀, ó ti lọ ara rẹ̀. Kòkòrò kéékèèké dúdú-dúdú ń rìn káàkiri nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, mi ò bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí máa ń fò. Ó ti kọjá sí sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ti wọ láfún ìyá kan tó jẹ́ pé owó àjọ ló fi rà á, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú, tí ọmọ mẹ́ta ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ìyá náà jókòó sílẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń fi ọwọ́ bu ìyẹ̀fun yẹn, ó ń dà á sílẹ̀, ó ń bù ú, ó ń dà á sílẹ̀. N ò lè gbàgbé ọwọ́ yẹn láéláé.

Mo lọ bá kọngílá. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni pé kí n gbé àgbàdo dé. Ṣé kò dé ni?" Mo ní oògùn ńkọ́? Ó ní ọmọ tí òun rán ló sọ pé òun ti fín in. Mo ní rìsíìtì dà? Kò sí. Mo ní ìwé àdéhùn wa dà? Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé àdéhùn wo? Ẹnu la fi sọ ọ́ lábẹ́ igi. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ mọ́. Mo dá lára owó ìyá yẹn padà fún un díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan gbáko, torí lójú Ọlọ́run àti lójú ọjà, èmi ni mo gbé kòkòrò wọ ìlà wa.

Ìdí rèé tí mo fi bẹ Ìyálọ́jà pé kí wọ́n fún mi láyè lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọlé: ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún kọngílá láìsọ fún un pé kòkòrò wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà lé lórí.

IRÚ KÒKÒRÒ WO NI?

Lẹ́yìn tí èyí ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó mọ̀ léèrè. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn, mo mú kòkòrò náà lọ nínú ìgò. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kì í ṣe kòkòrò àgbàdo tí àwọn ìyá wa mọ̀ láti ilẹ̀ wá. Kòkòrò ilé wa yẹn ní ẹnu gígùn ṣóńṣó bí ìmú. Èyí kò ní. Ó gùn róbótó bí igi ìṣáná kékeré, orí rẹ̀ tẹ̀ sábẹ́, ìdí rẹ̀ sì rí bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Prostephanus truncatus.

Àjèjì ni. Mexico àti àwọn orílẹ̀-èdè ìtòsí rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ilẹ̀ Tanzania ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ó ń ba nǹkan jẹ́ ní Áfíríkà, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1984, wọ́n rí i ní Togo. Kò pẹ́ rárá, ó ti wà ní Benin. Nígbà tó di ọdún 1992, ó ti wọ Nàìjíríà. Ẹ ka ọ̀nà yẹn dáadáa: Togo, Benin, Nàìjíríà. Ṣé kì í ṣe ọ̀nà ọjà wa nìyẹn? Kòkòrò tí kò gùn tó èékánná, ta ló gbé e rin gbogbo ọ̀nà yẹn? Lóòótọ́ ó ní ìyẹ́. Ṣùgbọ́n inú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, nínú àpò, nínú mọ́tò, ló ti ń rin ìrìn-àjò tó jìn. Àwa oníṣòwò la gbé e, a ò kàn mọ̀ ni.

Nǹkan tó fi burú ju tilé wa lọ ni pé kì í jẹ àgbàdo nìkan. Ó máa ń jẹ ẹ̀gẹ́ gbígbẹ pẹ̀lú. Ó tún máa ń lu igi, ó lè fara pamọ́ sínú pákó sítọ́ọ̀ àti pákó mọ́tò. Nǹkan bí oṣù kan péré ni ẹyin rẹ̀ fi ń di kòkòrò tí òun náà ń yé ẹyin. Àwọn onímọ̀ tó wọn àgbàdo ní Tanzania rí i pé ó lè jẹ tó ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ní ti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, wọ́n rí èyí tó pàdánù ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yin elélùbọ́, ṣé ẹ gbọ́? Ìdajì.

Kì í ṣe òun nìkan ni àjèjì tó ti wọlé. Àwọn tó dàgbà nínú wa á rántí kòkòrò funfun tó run ẹ̀gẹ́ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí gààrí fi wọ́n. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti apá gúúsù lòun náà ti wá. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn IITA n'Íbàdàn tí wọ́n wá agbọ́n kékeré kan láti ibẹ̀, tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1981, tó ń pa á. Ní 2016, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ ewé àgbàdo lóko tún dé, ó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kíákíá. Ohun tó bá ti wọlé tán, lílé e jáde kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹnu ọ̀nà ló dáa ká ti dá a dúró.

ÒFIN Ń BẸ NÍLẸ̀

Ìjọba ní àwọn tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwa máa ń pè wọ́n ní "àwọn Kọ̀rántáìnì" ní bọ́dà Sẹ̀mẹ́, ní Ìdìròkò, ní pápákọ̀ òfuurufú àti ní ẹbúté Àpápá. Orúkọ wọn gan-an ni Nigeria Agricultural Quarantine Service, NAQS. Òfin tó dá wọn dúró ni wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2017. Ọ̀pọ̀ wa rò pé aṣọ́bodè mìíràn tó fẹ́ gbowó ni wọ́n. Rárá o. Kòkòrò àti àrùn ohun ọ̀gbìn àti ti ẹran ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó ohun ọ̀gbìn wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn ṣáájú, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè tí ẹrù ti ń bọ̀ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ń kó jáde, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ti máa gba ìwé ẹ̀rí yẹn. Òun ni àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ń pè ní "fáítò".

Ṣé àwa nìkan ni wọ́n ń fi òfin báyìí dà láàmú? Rárá. Ní ọdún 2014, kòkòrò kan tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá fara hàn ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ó ń fa omi ara igi èso àjàrà àti igi mìíràn mu. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà pààlà sí ibi tó wà. Nígbà tó di 2019, wọ́n ní ilé iṣẹ́ tàbí kọngílá yòówù tí mọ́tò rẹ̀ ń wọ ibẹ̀ tó ń jáde gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò yìí, kó ṣe ìdánwò, kó wá kọ́ àwọn tó kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ mọ́tò àti ẹrù wò kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe oníṣòwò nìkan ni wọ́n mú, wọ́n mú ẹni tó gbé e. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Kọngílá kò gbọ́dọ̀ sọ pé "èmi gbé e dé ni tèmi."

IṢẸ́ KỌNGÍLÁ KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Oríṣi mẹ́rin ni àwọn tí a máa ń gbé iṣẹ́ fún.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń kó ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbá mọ́tò rẹ̀ mọ́ pátápátá kí ẹrù wa tó wọ inú rẹ̀, pàápàá àárín pákó. Kó sọ ohun tí mọ́tò náà kó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tàbí àgbàdo, kí á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kó má ṣe kó àpò ẹlòmíràn tí a kò yẹ̀ wò mọ́ tiwa. Kó má ṣe gba ẹ̀yìnkùlé sá fún àwọn Kọ̀rántáìnì, torí pé bí wọ́n bá mú un, ẹrù wa ni wọ́n mú. Bó bá rí ìyẹ̀fun tó ń dà láti inú àpò lọ́nà, kó pè wá kó tó já ẹrù sínú ọjà.

Ìkejì ni ẹni tó ń fín oògùn sí sítọ́ọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fetí sí èyí, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi sáàárín àpò, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde lára rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin bá ti kàn án. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń pa kòkòrò. Ó ń pa èèyàn pẹ̀lú. Kọngílá tó mọṣẹ́ ni kó lò ó, ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ fi tapólì bo ẹrù náà délẹ̀, kó dí gbogbo ihò, kó lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, kí ibẹ̀ wà ní títì fún iye ọjọ́ tí ìwé oògùn náà wí, kó tó ṣí i kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sùn nínú ṣọ́ọ̀bù náà tàbí nínú yàrá tó fara kàn án. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń tẹ́ ẹní fọ́mọ sẹ́yìn àpò lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Eérú tó kù lára oògùn náà, kọngílá ló gbọ́dọ̀ kó o kúrò, kì í ṣe ọmọ wa ni yóò gbá a.

Ẹ sì mọ èyí pẹ̀lú: oògùn afẹ́fẹ́ yẹn ń pa kòkòrò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, kò ní dúró de èyí tó ń bọ̀ lọ́la. Bí kọngílá bá sọ fún yín pé òun ti fín in, ó ti parí fún ọdún kan, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ń da ọtapíapíà sínú ẹ̀wà, kì í ṣe kọngílá, apànìyàn ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró, wọn ò jẹ́ kó wọlé mọ́, torí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ní 2016 wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún un. Ẹ wo bó ṣe rí: a sá fún kòkòrò, a ko oògùn. Kòkòrò tí a kò lé lọ́nà tó tọ́ ló sọ wá di ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

Ìkẹta ni ẹni tó ń dì ẹrù fún òkè òkun. Páálẹ́ẹ̀tì àti àpótí onígi tí wọ́n fi ń dì ẹrù lè gbé kòkòrò sínú. Ní 1996, wọ́n rí kòkòrò kan tó ń lu igi ní ìlú New York. Inú igi tí wọ́n fi di ẹrù láti ilẹ̀ Ṣáínà ló bá wá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún igi ni wọ́n sì gé lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Látìgbà yẹn, gbogbo ayé fẹnu kò ní 2002 pé igi tí a bá fi di ẹrù kọjá bọ́dà gbọ́dọ̀ gbóná dé inú, títí á fi tó ìwọ̀n 56 lórí sẹ́ńtígíréètì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kí wọ́n fín oògùn tí òfin gbà sí i. Wọ́n á wá lu òǹtẹ̀ sí i lára: àmì ṣírí ọkà, lẹ́tà orílẹ̀-èdè tó ti wá, tiwa ni NG, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, àti HT bó bá jẹ́ pé iná ni wọ́n fi gbóná rẹ̀. Bí kọngílá bá gbé páálẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀ wá, tàbí èyí tó fi ọ̀dà ya òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ má gbà á. Ẹrù lè padà láti òkè òkun, tàbí kí wọ́n dáná sun ún, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀.

Ìkẹrin ni ẹ́jẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ ohun tó lè wọlé àti ohun tí kò lè wọlé, kó sì sọ fún wa kí a tó náwó. Mo fẹ́ fi ìrẹsì ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀fadà. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní khapra. Ilẹ̀ Íńdíà la gbọ́ pé ó ti wá, ó sì ti wà ní Nàìjíríà tipẹ́. Ó dààmú ẹ̀pà Kánò nígbà àwọn òkìtì ẹ̀pà ìjọsí. Ọmọ rẹ̀ lè fara pamọ́ sínú ihò ògiri tàbí ara àpò ìdọ̀họ, kó wà láìjẹun fún ọdún púpọ̀, kó tún jí. Láti 2011 ni Amẹ́ríkà ti fòfin dè é pé arìnrìn-àjò kò gbọ́dọ̀ gbé ìrẹsì nínú ẹrù rẹ̀ wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kòkòrò yìí wà, tiwa sì wà nínú wọn. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá gbowó yín tó ní òun á bá yín fi ọ̀fadà sáàárín aṣọ, kò fẹ́ràn yín. Ọmọ yín tó lọ gba ẹrù ni wọ́n máa dá dúró ní pápákọ̀.

IṢẸ́ TIWA NÁÀ Ń BẸ

Kí n má sọ ti kọngílá nìkan. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àwa náà lẹ́bi.

Àgbàdo tutù kò dáa láti kó sí sítọ́ọ̀. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ dán an wò: ẹ bu àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà tàbí kẹ́ ẹ sá a.

Ẹ má kó ọjà tuntun lé ọjà àtijọ́. Kẹ́ ẹ gbá sítọ́ọ̀, kẹ́ ẹ gbá ihò ògiri. Ìyẹ̀fun tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, ẹ sun ún tàbí kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Ẹ má dà á sí ààtàn ẹ̀yìn ọjà, ó máa fò padà wá. Àpò tí ẹ bá tún fẹ́ lò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn gan-an.

Fún ẹ̀wà àti àgbàdo, àpò onípele mẹ́ta wà, ọ̀rá méjì nínú, àpò kan lóde. Ẹ dì í ní ìkọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí. Kò sí oògùn níbẹ̀ rárá. Owó rẹ̀ ju ti àpò lásán lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí ọwọ́ ìyá tí mo sọ fún yín.

Ọ̀kan tó kù le láti sọ. Bí ẹ bá rí kòkòrò yìí nínú ọjà yín, ẹ má fi pamọ́. Mo mọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù: wọ́n á ní ọjà mi bàjẹ́, oníbàárà á sá. Èmi náà fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni kòkòrò fi dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi. Bí mo bá ti ké lọ́jọ́ kìíní ni, bóyá láfún ìyá yẹn ì bá má bàjẹ́.

OHUN TÍ MO BẸ̀ ẸGBẸ́ PÉ KÍ A ṢE

Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé àdéhùn kan, ojú ewé kan péré, lédè Yorùbá, tí kọngílá yòówù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó bá ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ ìka. Ohun mẹ́fà ni kó wà níbẹ̀:

1. Pé mọ́tò tàbí sítọ́ọ̀ náà mọ́, àwa àti òun sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀sán, kì í ṣe lálẹ́.
2. Pé ó sọ ibi tí ẹrù ti wá àti ohun tí mọ́tò kó kẹ́yìn, a sì kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Bí a bá lo oògùn, kí orúkọ oògùn, ọjọ́ tí a lò ó, orúkọ ẹni tó lò ó, àti ọjọ́ tí èèyàn lè wọlé wà nínú rìsíìtì.
4. Bí ẹrù bá ń kọjá bọ́dà, kí ìwé Kọ̀rántáìnì pé kí mọ́tò tó gbéra. Ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ wa.
5. Bí ó bá gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ iṣẹ́ tàbí kọngílá mìíràn, òun náà ni a ó mú, kò sí "ọmọ tí mo rán."
6. Bí kòkòrò bá jáde nítorí pé kò ṣe ohun tó fọwọ́ sí, òun ni yóò san owó títọ́jú ẹrù àti ti aládùúgbò tó bá kàn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí agbára wa wà. Ẹ má san owó tán mọ́. Ẹ san apá kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ mú apá kan dání títí a ó fi tú àpò mélòó kan wò lójú ọ̀sán. Kọngílá tó mọ̀ pé owó òun ṣì wà lọ́wọ́ wa, á gbá mọ́tò rẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ ti pé, ta ló fẹ́ gbálẹ̀?

Àwọn kan á ní ìwé yìí á lé kọngílá sá. Mo ti ro ìyẹn. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa bá béèrè rẹ̀, wọ́n á sá fún un, wọ́n á lọ bá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọjà bá béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ibo ni wọ́n fẹ́ sá sí? Ìdí tí mo fi mú un wá sínú ẹgbẹ́ nìyẹn, tí mi ò dá a ṣe. Ọ̀kan ṣoṣo ọwọ̀ kò ṣeé gbálẹ̀.

Mo sì ń bẹ olórí ìlà kọ̀ọ̀kan pé kí ó yan ẹnì kan tí yóò mọ kòkòrò yìí dójú àmì, tí a lè pè nígbàkúùgbà. Ìgò tí mo fi mú kòkòrò lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti kú, ẹ má bẹ̀rù. Ó wà lórí tábìlì yẹn. Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ wá wò ó ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín wa níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti dárí jì mí, ó sì ti ń tajà padà. Òun ló sọ fún mi pé, "Lọ sọ ọ́ níwájú wọn, kó má ṣe ẹlòmíràn." Mo ti sọ ọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣòwò àṣedànù. Ohun tí a fi òógùn wá, kòkòrò kò ní bá wa jẹ ẹ́. Àmín o.